Ìrù Ẹja ni Mo Fi Gbẹ̀san Irun Mi

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló ń di ṣíbí ọbẹ̀ mú nínú ilé tí mo wọ̀ ní Sakété. Ọkọ rẹ̀ ti kú kí n tó dé ibẹ̀. Kò bímọ fún ọkọ náà, ó sì ti padà sí ilé bàbá rẹ̀. Nígbà tí ìyá ọkọ mi náà kú, ilé ìdáná bọ́ sí i lọ́wọ́. Tàǹtí ni gbogbo wa ń pè é, àgbà àti ọmọdé. Èmi àti ìyàwó àbúrò ọkọ mi là ń lọ ata, là ń fínná, là ń ro ẹ̀bà, ṣùgbọ́n tí ọbẹ̀ bá ti jinná, Tàǹtí á jókòó sórí àpótí, á na ọwọ́, a ó sì gbé ṣíbí lé e lọ́wọ́.

Ó mọ oúnjẹ pín. Àárín ẹja ni ti àwọn ọkùnrin, orí ẹja ni ti òun fúnra rẹ̀, ìrù ni ti ìyàwó. Kì í ṣe ìrù tó lẹ́ran lára o. Èyí tó ti gbẹ bí ìgbálẹ̀ ni, tó jẹ́ pé egungun lèèyàn á máa yọ lẹ́nu títí oúnjẹ á fi tán. Ẹyin ńkọ́? Ó ní obìnrin tó bá ń jẹ ẹyin á bí olè. Ẹdọ̀ ńkọ́? Ó ní ẹdọ̀ máa ń sọ obìnrin di aláfojúdi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jẹ ìrù ẹja. Mo lóyún méjì lórí rẹ̀, mo sì fún ọmọ méjì lọ́mú lórí rẹ̀. Mi ò sọ pé ìyẹn ló fa ohun tó ṣe irun mi. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má sọ bẹ́ẹ̀, màá sì dé ibẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí mo ń jẹ ni, kí ẹ lè mọ ìdí tí ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà fi dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí i. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni, ó ń dirun fún mi lábẹ́ igi máńgòrò nítorí ìsìn ọjọ́ kejì. Ó ya irun mi sí méjì, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

"Kí ló jẹ ọ́ lórí?"

"Bíi ti báwo?"

Ó mú ìka mi, ó fi kan ibẹ̀. Òkè etí mi ni, kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ, ó ń dán, ó sì rọ̀ bíi gìgísẹ̀ ọmọ tuntun. Kò dùn mí, kò yún mi. Irun kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. A fi irun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bò ó, a sì bá ara wa mulẹ̀ pé a ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti di mẹ́ta. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó ti di méje, méjì nínú wọn sì ti para pọ̀ ní ìpàkọ́ mi débi pé kò sí bí a ṣe lè dirun tó máa bò ó mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wé ìborí láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lórí ibùsùn.

Inú ìdọ̀tí tí mo gbá jọ ni Tàǹtí ti rí irun tó ń já. Kò bi mí ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, ó dúró lẹ́nu ilé ìdáná, ó ní kí n má fọwọ́ kan ìkòkò mọ́, kí irun ẹni tí nǹkan ń jẹ lórí má baà bọ́ sínú oúnjẹ àwọn àbúrò òun. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbé oúnjẹ wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ìrù ẹja náà tún wá kéré sí i. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní, "Ìwọ náà kúkú mọ Tàǹtí. Fi í sílẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ ìdúpẹ́ ọmọ wa kejì, nígbà tó pé ọdún kan. Ìjọ aláṣọ funfun ni ìdílé ọkọ mi ń lọ, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn àlejò bá wa wálé, àwọn ará Takon, àwọn ará Ita-Djèbou, àwọn àgbà ìjọ nínú aṣọ funfun wọn, gbogbo wọn jókòó sábẹ́ tapólì tí a ta sí àgbàlá. Mo gbé àwo tí a to ife omi sí jáde. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Bí mo ṣe kọjá níwájú Tàǹtí, ó dìde, ó fi ìka kan kọ́ ìborí mi láti ẹ̀yìn, ó sì fà á bọ́.

"Ẹ̀yin ará," ó ní, "ẹ bá mi wo ohun tí àbúrò mi ń sùn tì."

Ọwọ́ mi ò ṣófo. Tí mo bá fi ọwọ́ bo orí, ife á fọ́. Mo rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé àwo náà kalẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ yẹn, ìpàkọ́ mi ni gbogbo wọn ń wò. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan na fóònù sókè. Mo wo ọkọ mi. Ó ń fi ìka méjì yọ egungun kúrò lára ẹja tó wà nínú àwo rẹ̀, ó ń yọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ni.

Mi ò sunkún. Ohun kan wọ inú mi lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé àwọn ọmọ mi méjèèjì gun ọ̀kadà zẹ́mì, ó di ọ̀nà Pobè.

Abúlé kan ní Ahoyéyé ni ìyá mi ń gbé, lórí oko tí bàbá mi fi sílẹ̀. Kó tó di pé mo dé, àwòrán orí mi ti ṣáájú mi débẹ̀. Ọmọ aládùúgbò wọn ti rí i lórí fóònù, ó sì ti fi han ìyá mi. Ìyá mi ò ṣe ìjọ kankan, ohun tí àwọn bàbá rẹ̀ ń sìn lòun náà ń sìn, nítorí náà kò sọ fún mi pé kí n dárí jì í. Ó tú ìborí mi, ó wo orí mi yíká lójú oòrùn.

"Kí lo fẹ́ fi obìnrin náà ṣe?" ó bi mí.

"Mo fẹ́ kí ojú tì í títí tó fi máa kú."

"Ó dáa," ni ìyá mi wí. "Jẹun ná."

Òun náà ló ní kí n lọ sí ọsibítù ní Pobè. Dókítà wo orí mi, ó kọ ìpara fún mi, ó sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi ló wá jókòó tì mí. Ó ń bá àwọn mìíràn sọ èdè Gùn, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ó yí i sí èdè wa.

"Kì í ṣe èpè o," ó ní. "Kì í sì í ràn. Ara rẹ ló ṣi irun rẹ mọ̀, ó rò pé ọ̀tá ni, ó wá ń bá a jà."

"Ṣé á padà?"

"Ó lè padà, ó lè má padà. Ó lè padà kó tún lọ. Ẹni tó bá ṣèlérí fún ọ, irọ́ ló ń pa."

"Oúnjẹ wo ni mo lè jẹ tó máa hù ú?"

"Kò sí oúnjẹ tó ń wo àìsàn yìí. Ìpara tí dókítà kọ ni kó o máa lò. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ ò tó rárá. Ká ní irun yẹn fẹ́ padà, kí ló fẹ́ fi padà? Kí lò ń jẹ nílé?"

Mo sọ fún un. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìrù nìkan?"

"Ìrù nìkan."

Ó mú ìwé ìtọ́jú mi, ìyẹn kánẹ̀, ó kọ ọ́ ní Faransé, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi bó ṣe ń kọ ọ́: ẹyin, ẹja tòun tara rẹ̀, ẹ̀wà, wàrà sóyà, ẹdọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀fọ́ tó dúdú dáadáa, ẹ̀gúsí, ẹ̀pà. Ó ní tí mo bá jẹ ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́, kí n fi ọsàn tẹ̀lé e, nítorí ọsàn máa ń ran ara lọ́wọ́ láti rí ohun tó fẹ́ fi ṣe ẹ̀jẹ̀ mú nínú wọn. Ó ní kí n má mu tíì mọ́ oúnjẹ. Ó wá na ìka sí mi, ó ní mi ò gbọdọ̀ ra hóró oògùn tí wọ́n ń kiri lọ́jà pé ó ń hu irun, torí pé òmíràn wà nínú wọn tó jẹ́ pé tó bá pọ̀ jù lára, òun gan-an á tún máa já irun.

Mo di ìwé yẹn mú lórí zẹ́mì bí ẹni di ọ̀bẹ mú.

Ẹ má rò pé ìlera ni mo ń wá. Mo gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, ó yé mi, ṣùgbọ́n ìkanra ni mo fi ń jẹun. Adìyẹ ìyá mi máa ń yé sí ẹ̀yìn àká àgbàdo. Láàárọ̀, màá bọ ẹyin méjì, màá bó o, màá jókòó kọjú sí ọ̀nà Sakété, màá sọ pé, "Tàǹtí, ó yá, wá gbà á lẹ́nu mi." Lẹ́yìn náà ni màá tó gé e jẹ. Ìyá mi máa ń ro ẹ̀fọ́ gbòmá pẹ̀lú ẹ̀gúsí, á já ẹja gbígbẹ sí i, á sì bi mí pé, "Ibo lo fẹ́?" Àárín ni màá ní mo fẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ni mo sì ń dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọ̀. Ó mọ̀ pé ó ń dùn mọ́ mi lẹ́nu láti sọ ọ́ ni. Tí òjò bá rọ̀, a ó ṣa ìgbín lábẹ́ igi ọ̀pẹ. Ẹ̀wà tí a sè rọ̀, tí a da epo lé, mo máa ń jẹ ẹ́ títí inú mi á fi le gbandi, màá wá bó ọsàn lé e lórí. Àwọn ọmọ mi ń jẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń yọ. Mo máa ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, inú á tún bí mi sí i.

Oṣù kẹrin tí mo débẹ̀ ni ìyá mi kígbe pè mí pé kí n wá síta. Ó fi àtàńpàkò rẹ̀ ra òkè etí mi. Nǹkan kan wà níbẹ̀, ó funfun, ó rí bíi òwú tó lẹ̀ mọ́ ara. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Mo padà lọ fi han nọ́ọ̀sì, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ti gbé pẹ́ẹ́lí, inú rẹ̀ sì dùn sí ìyẹn ju irun lọ. Ó ní ó lè jẹ́ ìpara, ó lè jẹ́ pé ara fúnra rẹ̀ ló jáwọ́, kí n ṣáà má sọ fún aráyé pé ẹyin ló hù ú. Mo ní ó dáa. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo mọ ohun tó hù ú. Ìbínú ni.

Ní gbogbo àkókò yìí, ọkọ mi ti wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà àkọ́kọ́, ó mú bisikíìtì wá fún àwọn ọmọ. Ìgbà kejì, ó mú àwọn àgbà ìjọ méjì wá, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì lọ. Ìgbà kẹta, òun nìkan ló wá.

"Kí lo fẹ́?" ó bi mí.

"Kí Tàǹtí wá síbí fúnra rẹ̀," mo ní. "Kó tú ìborí rẹ̀ níta gbangba, lójú àwọn ará ilé wa, kó sọ ohun tó ṣe. Tí mo bá sì padà, èmi ni màá máa di ṣíbí mú."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni o. Ìyẹn ò ṣeé ṣe."

"Ẹ jẹ ẹja yín, Bàbá àwọn ọmọ. Ẹ fara balẹ̀, ẹ yọ egungun rẹ̀."

Ó yé e. Ó wolẹ̀, ó sì gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Tàǹtí dé. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ dúdú wa yẹn sì ti di ẹrẹ̀ tó ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn. Zẹ́mì ò lè wọlé, ẹsẹ̀ ló fi rìn láti ojú títì. Nígbà tó dé àgbàlá, ẹrẹ̀ ti dé ìdajì ojúgun rẹ̀. Ìyá mi fẹ́ gbé àpótí fún un. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó dúró." Àwọn ìyàwó ilé jáde, àwọn aládùúgbò náà sì dúró.

Ó tú ìborí rẹ̀. Ẹ wò ó, mo ti ń gbàdúrà ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn pé kí orí rẹ̀ ti pá. Irun rẹ̀ pọ̀, ó ti funfun díẹ̀, ó di í ní ṣùkú, ó dára lórí rẹ̀.

"Ìyàwó," ó ní, "mo ṣí ọ lórí láwùjọ. Mi ò ṣe dáadáa. Máà bínú."

Mo jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan orí ara rẹ̀. "Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kú," ó ní, "àwọn àbúrò rẹ̀ mú mi mọ́lẹ̀, wọ́n fi abẹ fá gbogbo rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó padà hù."

Ìyá mi wò mí. Mo mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń sọ, pé ó tó. Ṣùgbọ́n kò dín ìbínú mi kù. Ó tún fi kún un ni. Ẹni tó mọ bó ṣe ń rí ló wá ṣe é fún mi. Mo ní, "Mo gbọ́, Tàǹtí," mo sì wọlé lọ di ẹrù mi.

Lọ́jọ́ tí mo padà sí Sakété, ọbẹ̀ jinná, Tàǹtí fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ṣíbí fún mi. Mo jókòó sórí àpótí. Àárín ẹja, mo pín in fún àwọn ọmọ, fún ìyàwó àbúrò ọkọ mi àti fún ara mi. Àwọn ọkùnrin gba ohun tó ṣẹ́ kù. Mo wá mú ìrù tó gbẹ jù lọ, mo gbé e sínú àwo tó dára jù lọ nínú ilé, mo fi ìkúnlẹ̀ gbé e fún Tàǹtí bí ìyàwó ṣe ń kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

"Ẹ jẹun o, Tàǹtí."

"O ṣé, ìyàwó."

Láti ìgbà ìkórè àgbàdo títí di ìgbà ọyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lójoojúmọ́. Mi ò gbàgbé níjọ́ kan. Mo máa ń ra ẹyin, mo máa ń pín in kárí, tí ó bá kan Tàǹtí màá sọ pé, "Ẹ̀yin ò kúkú ń jẹ ẹ́." Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín lábẹ́nú nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ìwọ, ó tó báyìí." Mo ní, "Ọdún mẹ́fà ni tèmi." Egungun ọrùn Tàǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé lọ jẹ. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo sì ń bu ọbẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n ń kọrin lọ́wọ́ nínú ìsìn, Tàǹtí ṣubú. Òòyì ló kọ́ ọ. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Sakété, wọ́n dá a padà sílé lálẹ́, ọkọ mi sì mú ìwé tí wọ́n kọ fún un wá fún mi nítorí pé èmi ni mò ń se oúnjẹ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí, nítorí mo ti ń rò ó pé kí ni màá sọ fún àwọn ọmọ mi tó bá kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bọ ẹyin méjì, mo bó o, mo bu iyọ̀ sí i, mo gbé e wọ yàrá rẹ̀. Ó wò ó.

"Ẹyin?" ó ní. "Ṣé o ò rántí ohun tí mo máa ń sọ ni? Ó ń mú kí obìnrin bí olè."

Mo dá a lóhùn kí n tó ronú: "Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa bímọ, Tàǹtí. Ẹ jẹ ẹ́."

Ó mú ẹyin náà. Ó fi gbogbo rẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń jẹ ẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí àwo. Mo dúró ti ilẹ̀kùn. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe fún obìnrin yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni mo kábàámọ̀. Mi ò kábàámọ̀ ìrù ẹja. Mi ò kábàámọ̀ ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn, kò sí bí mo ṣe lè bu ọbẹ̀ lé e lórí kí ó má hàn.

Láti ìgbà náà ni Tàǹtí ti ń jẹ àárín ẹja bíi gbogbo wa. Ara rẹ̀ ti yá. A kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" àti "o ṣé" lọ. Ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ mi, kò sì sí ìyàwó kankan nínú ilé yẹn tó ń jẹ ìrù nìkan mọ́.

Ní tèmi, irun mi padà ní ojú ibi márùn-ún. Ìpàkọ́ mi ò padà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ibi tuntun kan tún là sí iwájú orí mi, bẹ́ẹ̀ mo ń jẹ ẹyin, mo ń jẹ ẹ̀wà, mo ń jẹ gbogbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mo ń jẹ ẹ́ lọ nítorí pé mi ò fẹ́ kí òòyì kọ́ mi bíi ti Tàǹtí, agbára sì wà lápá mi báyìí láti gbé igbá ẹ̀gúsí láti oko títí dé ojú títì láìsinmi.

Mo ṣì ń bá wọn lọ sí ìjọ. A máa ń kúnlẹ̀ nítòsí ara wa, èmi àti òun, nínú aṣọ funfun. Tí àdúrà bá dé ibi tí gbogbo èèyàn ti ń sọ fún Ọlọ́run pé àwọn ti dárí ji ẹni tó ṣẹ àwọn, mo máa ń pa ẹnu mi mọ́. Màá dúró kí wọ́n kọjá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá bá wọn parí èyí tó kù.